Ilé òrìṣà kọ́ o! Dúkìá baba yín ló wà ní mùsíọ́ọ̀mù, bẹ́ ò bá lọ wò ó, olè á bá yín wò ó

Ní Oníkàn, l'Ékòó, mọ́tò kan wà níbẹ̀ tí kì í lọ, tí kì í bọ̀. Mercedes dúdú ni. Kò sí dẹ́rẹ́bà nídìí ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ sóde ìnáwó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró níwájú ẹ̀, ó di dandan kó káwọ́ lérí. Ihò ọta ìbọn ló wà lára ẹ̀, ó hàn ketekete. Inú mọ́tò yẹn ni wọ́n ti yìnbọn pa olórí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Ọ̀gágun Murtala Muhammed, lọ́jọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1976, nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì dá a dúró n'Íkòyí.

Àwọn tó ti gbọ́njú nígbà yẹn ò lè gbàgbé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ẹni tó ń sunkún ń sunkún, ẹni tó ń sá wọlé ń sá wọlé, rédíò ló kù tí gbogbo ayé gbé sétí. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n sá wọlé lọ́jọ́ náà ti di bàbá àti ìyá báyìí, àwọn ọmọ tiwọn náà ti wà ní yunifásítì. Wọ́n ń gbọ́ orúkọ Murtala bí wọ́n bá fẹ́ wọ bàlúù n'Íkẹjà, wọ́n ń rí àwòrán ẹ̀ lára owó ogún náírà. Ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn gan-an, èyí tí ọta ìbọn dá lu bí ajere, ọ̀pọ̀ wọn ò fojú kàn án rí. Bẹ́ẹ̀, kò sí nínú àgọ́ ṣọ́jà, kò sí nílé olówó kankan. Inú mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Oníkàn lọ́dún 1957 ló wà. Danfo ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá láàárọ̀, danfo ń gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́. Ẹ bi àwọn tó jókòó nínú ọkọ̀ pé ta ló ti wọbẹ̀ rí, ẹ ó rí i pé ojú fèrèsé ni kálukú á máa wò.

Kí ló fà á? Kí ló dé tí ọmọ Yorùbá fi lè san owó ńlá láti lọ wo ilé ọba òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù, kó ya fọ́tò níwájú ẹ̀, kó fi han gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tó wà nínú ilé tó jẹ́ pé ìdúró ọkọ̀ méjì péré ló wà láàárín òun pẹ̀lú ẹ̀?

"Ṣé ẹ fẹ́ kí nǹkan tẹ̀ lé àwọn ọmọ mi bọ̀ wálé ni?"

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ nínú ilé. Bàálé ilé á ní, "Ìyá Ṣadé, Sátidé tó ń bọ̀ yìí, jẹ́ ká kó àwọn ọmọ yìí lọ sí mùsíọ́ọ̀mù." Ìyá Ṣadé á kọ́kọ́ wò ó títí, bí ẹni pé ara ọkọ òun ò yá. Á ní, "Bàbá Ṣadé, ibo lẹ pè yẹn? Ṣé ibi tí wọ́n kó gbogbo òrìṣà jọ sí yẹn? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí nǹkan tẹ̀ lé àwọn ọmọ mi bọ̀ wálé ni?" Bí bàbá ò bá ní èsì lẹ́nu, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á parí sí. Wọ́n á gba ilé ìtajà ńlá lọ, wọ́n á ra áísìkirimù fáwọn ọmọ, ó tán.

Ká má purọ́, Ìyá Ṣadé kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ló gbà pé ibi tí wọ́n ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù, ilé òrìṣà tí ìjọba kun lọ́dà ni. Lóòótọ́, ọpọ́n Ifá wà níbẹ̀, ère ìbejì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí wọ́n sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n wíwò kì í ṣe bíbọ. Ẹni tó wo òkú òpópónà kò di apànìyàn, ẹni tó wo ọpọ́n Ifá nínú àpótí onígíláàsì kò di babaláwo. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń wò, ọgbọ́n orí ẹni tó gbẹ́ ẹ ni wọ́n ń wò, àti irú ayé tí àwọn tó bí wọn jẹ.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá ní torí pé onígbàgbọ́ lòun lòun ò fi ní í lọ, kó wọkọ̀ Badagry. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀, àwọn òyìnbó oníwàásù ló kọ́ ọ, ọdún 1845 ló sì parí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Ajayi Crowther ti ṣe nínú iṣẹ́ títú Bíbélì sí èdè Yorùbá, èyí tí wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní. Bí Mùsùlùmí náà bá ní òun ò bá wọn débi òrìṣà, kó gba Erékùṣù Èkó lọ, kó lọ wo Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Ọmọ Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil dé, ló kọ́ ọ, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin Nàìjíríà dáàbò bò sì ni. Ta wá lọ̀rọ̀ yìí ò kàn?

Ilojo Bar: ọdún 60 lòfin fi dáàbò bò ó, ọjọ́ kan ni wọ́n fi wó o

Àwọn tó ń tajà ní Tinubu Square á rántí ilé kan tó wà níbẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràbarà kan, pẹ̀lú ojú fèrèsé tó rí bí ilẹ̀kùn ààfin. Ilojo Bar ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, irú ilé tí àwọn ọmọ Àgùdà máa ń kọ́ ni. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú, tí wọ́n sì ní ilé làwọn ń bọ̀, ni baba ńlá àwọn ọmọ Àgùdà. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún bọ̀, wọ́n sì fi sọ Èkó di ìlú tó dùn ún wò.

Lọ́dún 1956, ìjọba kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ilé náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọdún 60 ni ìkéde yẹn fi wà nínú ìwé. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú kan, ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ariwo ti gba ìlú, àwọn ọ̀mọ̀wé ń bínú, ìwé ìròyìn ń gbé e jáde, àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí ilé àtijọ́ ń káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n ta ló lè kó iyẹ̀pẹ̀ jọ kó tún di ilé ọdún 1855? Àwókù lásán ló kù.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rọrùn. Òfin kì í ṣọ́lé, èèyàn ló ń ṣọ́lé. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá ń gba ẹnu ọ̀nà ilé kan kọjá lójúmọ́, tí mẹ́wàá péré nínú wọn mọ ohun tí ilé náà jẹ́, tí wọ́n ń kó ọmọ wọn wá wò ó, tí wọ́n ń béèrè pé kí ló dé tí òrùlé ẹ̀ ń jò, ẹni tó bá fẹ́ wó o á kọ́kọ́ wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni ò bá bìkítà, katakata lásán ti tó.

Olè mọ iye tó tọ́, onílé ni ò mọ̀

Ẹ jẹ́ ká gba Ilé-Ifẹ̀ lọ, níbi tí ojúmọ́ ti mọ́ wá. Lọ́dún 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, ní tòsí ààfin Ọọ̀ni. Ọkọ́ kan nǹkan tó dún gbà-ìn. Nígbà tí wọ́n hú u jáde, orí èèyàn ni, orí tí wọ́n fi idẹ àti bàbà rọ, tó gún régé, tí ojú, imú àti ẹnu ẹ̀ dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Orí náà ju méjìlá lọ. Ó ti lé ní 500 ọdún tí wọ́n ti rọ wọ́n, àwọn onímọ̀ sì gbà pé àwòrán àwọn ọba àtàwọn èèyàn ńlá ni. Nígbà táwọn òyìnbó kan rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò kọ́kọ́ gbà pé èèyàn dúdú ló ṣe é.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú orí yẹn kúrò ní Nàìjíríà, ó sì di ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1939. Ibẹ̀ ló wà títí dòní. Méjì mìíràn bá ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, lọ sí ìlú wọn. Ti Bascom yìí dára díẹ̀, torí nígbà tó di 1950, ó dá méjèèjì padà fún Ifẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ àwọn orí wọ̀nyí ni ariwo ti pọ̀ pé ó yẹ kí òfin wà tó máa dá kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ sókè òkun dúró. Nígbà ayé Ọọ̀ni Adesoji Aderemi ni wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù Ilé-Ifẹ̀, ọdún 1954 ni.

Ẹni tó bá rò pé ibẹ̀ ni wàhálà parí sí, ó ṣì kù. Láàárín ọdún 1993 sí 1994, àwọn olè já wọ mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọn ò jí fáànù, wọn ò jí àga. Àwọn orí amọ̀ tí wọ́n sun níná láti ayébáyé ni wọ́n kó. Lọ́dún 1994 náà, ICOM, ìyẹn àjọ àwọn mùsíọ́ọ̀mù lágbàáyé, tẹ ìwé kan jáde tó ní àwòrán ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n jí kó nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì fi àwọn orí Ifẹ̀ síbẹ̀. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí wọ́n rí díẹ̀ nínú wọn mú lókè òkun, tí wọ́n fi gbà wọ́n padà.

Kí ló jẹ́ kí wọ́n rí àwọn yẹn gbà? Fọ́tò ni! Ẹnì kan ti ya àwòrán wọn sílẹ̀, ẹnì kan ti kọ ọ́ sínú ìwé pé báyìí ló ṣe rí, báyìí ló ṣe ga. Ohun tí ò ní fọ́tò, tí ò ní àkọsílẹ̀, bó bá ti ré bọ́dà kọjá, ó lọ rèé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè dúró ní kóòtù òyìnbó kó ní tòun ni. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí aráàlú lè ṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe é

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìjọba ló kó gbogbo ẹ̀ jọ. Rárá o. Lọ́pọ̀ ibi, èèyàn kan tàbí méjì tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ lọ́kàn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìjọba sì wá bá wọn níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Aina Onabolu, àwòrán kíkùn niṣẹ́ ẹ̀. Òun ló ń yọ ìjọba amúnisìn lẹ́nu ṣáá pé ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà níléèwé. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́, wọ́n mú òyìnbó olùkọ́ kan wá lọ́dún 1927, Kenneth Murray lorúkọ ẹ̀. Murray dé, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá tó ń jẹrà nílé, tí ikán ń jẹ, tí àwọn àlejò ń rà lówó pọ́ọ́kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara ẹ̀ rà wọ́n, ó ń tọ́jú wọn, ó ń kọ ìwé sí ìjọba. Lọ́dún 1943, wọ́n fi í ṣe olùbójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún gbogbo Nàìjíríà. Òun ló wà nídìí mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1957.

Ní Èsìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀. Òkúta tó rọ̀ kan ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Ẹni tó jókòó sórí àpótí wà níbẹ̀, ẹni tó mú àdá lọ́wọ́ wà níbẹ̀, obìnrin tó dirun aláràbarà wà níbẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ìtàn àwọn àgbà ibẹ̀ ni pé àlejò kan ló wá sílùú, tí wọ́n sì di òkúta. Òyìnbó alábòójútó iléèwé ìjọ CMS kan, Ramshaw, ló kéde wọn fáyé lọ́dún 1933. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ káwọn òyìnbó tó dé táwọn ará Èsìẹ́ ti ń ṣọ́ wọn, tí wọ́n ń ṣọdún wọn. Lọ́dún 1945, wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ère náà, bí mùsíọ́ọ̀mù Èsìẹ́ ṣe di àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn, Èsìẹ́ ni!

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère yìí lorí wọn ti kán. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, tó wá pẹ̀lú Peace Corps, ìyẹn àwọn tó ń fínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀, jókòó ti àwọn ère náà. Ó ń to èyí tó fọ́ pọ̀, ó ń ya fọ́tò wọn, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìwé tó kọ nípa wọn jáde lọ́dún 1978. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ère Èsìẹ́ kan ti sọnù, inú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa wò.

Ti Òṣogbo ń kọ́? Obìnrin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ará Austria, lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà. Nígbà tó dé igbó Ọ̀ṣun, wọ́n ń gé igi níbẹ̀, wọ́n ń fi ilẹ̀ dáko, ojúbọ ń wó. Ṣùgbọ́n Àdùnní nìkan kọ́ ló ṣe é. Bíríkìlà ni Adebisi Akanji kó tó di pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí oníṣẹ́ ọnà. Òun, Buraimoh Gbadamosi, Kasali Akangbe àtàwọn mìíràn ni wọ́n jọ fi sìmẹ́ǹtì, amọ̀ àti igi gbé ère dúró níbẹ̀. Lọ́dún 1965, ìjọba kéde igbó náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Nígbà tó di 2005, àjọ UNESCO fi í kún àwọn ibi tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Àdùnní kú ní January 2009, lẹ́ni ọdún 93. Òjò ò mọ̀ pé ó ti kú, òjò ń rọ̀, sìmẹ́ǹtì ń sán, ère ń ya. Bí kì í bá ṣe tàwọn oníṣẹ́ ọnà tó jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn ọmọ wọn, àtàwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ Àdùnní láti máa tún un ṣe, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère yẹn ni ì bá ti di yẹ̀pẹ̀.

L'Ékòó náà, àwọn kan kóra jọ lọ́dún 1995, wọ́n pe ara wọn ní Legacy. Wọ́n tún ilé kan tí wọ́n ń pè ní Jaekel House ṣe, nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì ti ń wó lọ. Lónìí, fọ́tò àtijọ́ àti ohun èlò rélùwéè ló wà níbẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ wò ó. Ní Badagry ẹ̀wẹ̀, ìdílé Mobee àti ìdílé Seriki Abass ló ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú àti yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ẹrú sí han àlejò nínú agbo ilé tiwọn. Ọ̀rọ̀ tó ń tini lójú ni, torí àwọn baba ńlá wọn ṣòwò ẹrú. Wọ́n ò fi pamọ́, wọ́n ní kí aráyé wá wò ó, kó má bàa tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Kí lẹni tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láago márùn-ún àárọ̀ lè ṣe?

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí. Ọ̀pọ̀ á ní, "Èmi tí mò ń wá owó iléèwé ọmọ, ṣé mo ráyè ère ni?" Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀. Sátidé kan lóṣù ti tó.

Àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ lọ wò ó. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí, iye owó ìwọlé, àti bóyá wọ́n gbà kí èèyàn ya fọ́tò, kẹ́ ẹ tó kó ẹbí lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń mú àlejò káàkiri ṣàlàyé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ káwọn ọmọ bi í ní ìbéèrè. Ẹ kọ orúkọ yín sínú ìwé àlejò, torí orúkọ yẹn ni ọ̀gá ibẹ̀ á fi han ìjọba pé èèyàn ń wá. Ká má tan ara ẹni jẹ, ibòmíràn wà tí iná ò sí, tí eruku bo gíláàsì, tí òṣìṣẹ́ ń tòògbé. Ẹ má torí ìyẹn bínú lọ. Ilé tí ò ní àlejò, ta ló ń gbá a?

Ìkejì ni iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tó ń ṣàkóso mùsíọ́ọ̀mù náà. Ẹ kọ orúkọ, àdírẹ́sì, iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ lè yọjú. Ẹ mú un lọ fúnra yín, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà kan pamọ́. Bí wọn ò bá tètè dáhùn, ẹ padà lọ béèrè, iṣẹ́ ìjọba ni, ẹ mọ̀ bó ṣe rí.

Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ò wúlò níbẹ̀. Ìyá tó ń hun aṣọ òfì n'Ísẹ́yìn, bó bá wo aṣọ àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan, á mọ̀ bóyá sányán ni, àlàárì ni tàbí ẹtù, nígbà tó jẹ́ pé "aṣọ Yorùbá" lásán lẹni tó kọ ìwé sídìí ẹ̀ mọ̀. Àgbà àyàn á mọ ìlù tó ń jẹ́ ìyáàlù àtèyí tó ń jẹ́ gúdúgúdú, á sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ń lù ú. Tíṣà lè kó ọmọ ogún wá, kó sì kọ ìbéèrè tí wọ́n máa dáhùn sílẹ̀. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò lè bá wọn tẹ àkọsílẹ̀ tó ti ń gbó. Oníná lè wo wáyà, káfíńtà lè tún bẹ́ǹṣì ṣe, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lè máa mú àwọn ọmọ iléèwé káàkiri.

Ṣùgbọ́n o, ẹ má fi ìtara ba nǹkan jẹ́. Òógùn ọwọ́ ń jẹ idẹ, ẹ má fọwọ́ pa á bí orí ọmọ. Ẹ má fi ọṣẹ fọ ère, ẹ má fi kẹrosíìnì nù ún, ẹ má fi epo ra á kó lè máa dán. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń fi tọ́jú ẹ̀. Ẹ má gbé ọmọ gun ère nítorí fọ́tò. Ẹni tó bá sì ní òróró àdúrà lápò, kó fi sápò. Bó bá ṣe ibi tí wọ́n ṣì ń bọ ni, bí igbó Ọ̀ṣun, ohun tí àwọn tó ni ibẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe, torí àlejò lẹ jẹ́.

Ìkẹta wà nínú ilé yín níbẹ̀ yẹn. Àpótí bàbá àgbà tó wà lábúlé, ilẹ̀kùn gbígbẹ́, ère ìbejì tí ìyá ìyá yín tọ́jú, fọ́tò àtijọ́ tí àlàpà fẹ́ wó pa. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ wọn gígùn ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà tó bá ṣì wà láyé pé ta ló ni ín, ta ló gbẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ń lọ láti ilé dé ilé ní ìgbèríko, wọ́n á ní àwọn ń ra "igi àtijọ́". Ẹ má tà á fún wọn. Láti 1979 lòfin ti wà pé ẹni tí àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù ní Nàìjíríà ò bá fún láṣẹ ò gbọdọ̀ máa ra irú ohun bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé e kúrò nílùú láìgbàṣẹ. Owó tí wọ́n bá fún yín, ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ ó fi ná an. Ohun tí wọ́n gbé lọ, àwọn ọmọ yín á sanwó fíìsà kí wọ́n tó lè lọ wò ó.

Ẹ sọ fún Ìyá Ṣadé

L'Oníkàn kan náà tí mọ́tò Murtala wà, wọ́n ti kọ́ ilé tuntun kan sítòsí ibẹ̀, John Randle Centre, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023 fún àṣà àti ìtàn Yorùbá. Orúkọ dókítà tó kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sádùúgbò náà lọ́dún 1928, káwọn ọmọ Èkó lè mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó bá lọ sí Oníkàn lọ́jọ́ kan lè wo méjèèjì.

Ẹ sọ fún Ìyá Ṣadé pé kò sí ohun tó máa tẹ̀ lé ọmọ bọ̀ wálé, àfi ìbéèrè. Ṣadé á béèrè pé ta ni Murtala, kí ló dé tí wọ́n fi pa á. Ó lè béèrè pé orúkọ wo ni bàbá bàbá òun ń jẹ́, iṣẹ́ wo ló ṣe, ibo lohun tó fi ṣiṣẹ́ wà. Bí ẹ̀yin òbí bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún un. Bẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, àgbà kan ṣì wà lábúlé tó mọ̀ ọ́n, ẹ tètè lọ bá a. Ilojo Bar ti lọ. Orí kan ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1939. Èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò ní Sátidé, nítorí ilé la ti í kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.